Kańtì Macon ní Alabama: Ilẹ̀ Òwú, Kẹ̀kẹ́ Ẹ̀kọ́ àti Àwọn Àgbẹ̀ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa ń bi àwa òṣìṣẹ́ ágíríìkì léèrè pé níbo ni iṣẹ́ tí à ń ṣe yìí ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ kí ènìyàn máa gun alùpùpù láti abúlé dé abúlé, kí ó máa dá oko àṣefihàn sí ẹ̀gbẹ́ oko olóko. Ìdáhùn rẹ̀ kò sí ní ojú kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a kò lè fò dá bí a bá ń sọ ìtàn náà. Ibẹ̀ ni Macon, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kańtì ni wọ́n ń pe irú ìpín bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ fi wé ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ẹ kò ní ṣìnà púpọ̀.

Àgbẹ̀ kì í gbọ́ ìtàn ibì kan kí ó má bèèrè irú ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Macon fẹ̀ tó nǹkan bí 613 máìlì níbùú lóròó. Apá àríwá rẹ̀ jẹ́ òkè kéékèèké, ilẹ̀ iyanrìn tí omi tètè ń ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù, ẹ ó bá ilẹ̀ dúdú, ilẹ̀ amọ̀ tí ó ní ẹfun nínú. Bí òjò bá rọ̀, á lẹ̀ mọ́ bàtà; bí oòrùn bá mú, á sán bí àwo. Ilẹ̀ yìí na gbọọrọ já Alabama kọjá bí ọ̀já, òun ni wọ́n fi ń pe agbègbè náà ní Ọ̀já Dúdú. Àwọ̀ ilẹ̀ ni orúkọ náà kọ́kọ́ ń tọ́ka sí. Nígbà tí ó yá ni ó wá di orúkọ ibi tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí jù, nítorí ibi tí ilẹ̀ bá ti dára fún òwú ni wọ́n ń kó ẹrú lọ. Odò kéékèèké bíi Uphapee àti Calebee ni ó ń gba inú kańtì náà kọjá lọ sínú odò Tallapoosa. Òjò kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà òtútù wà tí omi máa ń dì mọ́ ojú ewé. Nítorí náà oṣù Kẹrin ni wọ́n ń gbin òwú, kí wọ́n lè máa ká a láti ìparí oṣù Kẹjọ lọ.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà ni àwọn Muskogee, tí òyìnbó ń pè ní Creek. Àgbẹ̀ ni àwọn náà: àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé ni wọ́n ń gbìn pọ̀ sí etí odò. Inú èdè wọn ni orúkọ Tuskegee, olú ìlú kańtì náà, ti wá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1832 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó gba ilẹ̀ wọn tí ó ṣẹ́kù ní ìlà oòrùn odò Mississippi, tí ó sì ní kí wọ́n pín ìwọ̀nba padà fún olúkúlùkù olórí ilé. Ìwé ni ó pín ilẹ̀ fún wọn, jìbìtì àwọn oníṣòwò ilẹ̀ ni ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Alabama ti dá kańtì sílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, tí wọ́n fi orúkọ Nathaniel Macon, olóṣèlú ará North Carolina, pè é. Nígbà tí ó di 1836, àwọn ọmọ ogun kó àwọn Creek lọ sí ibi tí à ń pè ní Oklahoma lónìí. Ọ̀pọ̀ wọn kú sójú ọ̀nà.

Àwọn òyìnbó olóko kó ẹrú wọ ibẹ̀, òwú sì gba gbogbo ilẹ̀. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹrú láti ilẹ̀ òkèèrè wọlé mọ́, síbẹ̀ ní 1860 ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn wọ Mobile, ní etí òkun Alabama yìí kan náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis, ọmọ agbègbè Bante ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, níbi tí èdè wọn ti bá èdè Yorùbá wa tan. Obìnrin tí ó jókòó tì í ní 1927 láti gba ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀ ni Zora Neale Hurston. Ní Notasulga, nínú kańtì Macon tí à ń sọ yìí, ni wọ́n bí i sí ní 1891. Ìwé náà kò rí ojú ọjà títí di 2018, nígbà tí òǹkọ̀wé àti onítàn ti kú tipẹ́. Èyí yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí n mọ̀ ọ́n kí n má sọ ọ́ fún yín.

Ogun parí ní 1865, ẹrú di òmìnira. Òmìnira dé, ilẹ̀ kò bá a dé. Ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní ìbaaka, tí kò ní irúgbìn, kí ni yóò fi òmìnira ṣe? Ó padà sí oko ọ̀gá rẹ̀ àná, ó ń dáko ní àpínṣe. Ẹ̀yin mọ ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tí ó san ìṣákọ́lẹ̀ yóò gbé nǹkan díẹ̀ fún onílẹ̀, ìyókù di tirẹ̀. Ti àwọn wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí onílẹ̀ bá fún ọ ní ìbaaka àti irin ìtúlẹ̀, ìdajì òwú ni ó máa ń gbà. Nínú ìdajì tí ó kù ni wàá ti san gbèsè tí o jẹ onísọ́ọ̀bù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: gbèsè ìyẹ̀fun àgbàdo, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, aṣọ àti bàtà. Òwú tí o kò tíì gbìn ni onísọ́ọ̀bù fi ṣe ìdúró, òun náà ni ó ń pinnu èlé. Nítorí pé òwú nìkan ni ó ń gbà, kò fẹ́ kí o gbin ohun jíjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni òwú ṣe kún títí dé ẹnu ọ̀nà ilé, tí àgbẹ̀ sì ń fi gbèsè ra oúnjẹ tí ilẹ̀ tí ó ń gbé lórí rẹ̀ ì bá fún un. Àwọn bàbá wa ní orúkọ fún irú ìdè bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà mọ iye tí wọ́n torí rẹ̀ fi í ṣọfà. Àgbẹ̀ Macon tí kò kàwé kò mọ iye tí ó wà nínú ìwé onísọ́ọ̀bù.

Ní 1881 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Lewis Adams, alágbẹ̀dẹ páànù tí ó ti ṣe ẹrú rí, àti George Campbell, òyìnbó onílé ìfowópamọ́ tí ó ti kó ẹrú rí, jùmọ̀ ṣe é tí ìjọba Alabama fi gbà láti máa san $2,000 lọ́dún fún owó oṣù olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn dúdú kan ní Tuskegee. Owó olùkọ́ nìkan ni o: kò sí owó ilẹ̀, kò sí ti ilé. Booker T. Washington, ọmọ ọdún 25, ni wọ́n mú wá. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ni ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra oko àtijọ́ kan tí ó tó nǹkan bí 100 éékà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ṣe bíríkì, tí wọ́n sì kọ́ ilé tí wọ́n ń kàwé nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 1892 Washington pe àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà sí ìpàdé. Nǹkan bí ènìyàn 75 ni ó rò pé yóò wá. Nǹkan bí 400 ni ó dé. Kò ka ọ̀rọ̀ sí wọn létí, ó ní kí wọ́n dìde sọ bí nǹkan ṣe rí: mélòó nínú yín ló ní ilẹ̀, mélòó ló jẹ gbèsè, mélòó ló ń gbé inú ilé oníyàrá kan, oṣù mélòó ni ilé ìwé ọmọ yín ń ṣí. Èmi tí mo ti ń ṣe ìpàdé àgbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún rò pé nǹkan tí ó tọ́ jù lọ ni ó ṣe níbẹ̀. Àwa kan máa ń ti ọ́fíìsì gbé ìdáhùn wá kí a tó gbọ́ ìbéèrè.

Ní 1896 ni George Washington Carver dé láti Iowa, níbi tí ó ti gboyè nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ ẹrú ni òun náà, Missouri ni wọ́n bí i sí. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba Alabama fọwọ́ sí oko ìwádìí ní Tuskegee, wọ́n sì fi $1,500 sí i lọ́dún. Ilẹ̀ tí wọ́n fún un ti ṣá, ọ̀gbàrá ti gbẹ́ ẹ dé inú. Owó kò tó ra ajílẹ̀ inú àpò, àwọn àgbẹ̀ tí ó sì ń kọ́ kò lè rà á pẹ̀lú. Carver bá yíjú sí ohun tí wọ́n ní lọ́fẹ̀ẹ́: ewé jíjẹrà inú igbó, ẹrẹ̀ àbàtà, ìgbẹ́ ẹran, pàǹtírí ilé. Ó ń kó wọn jọ, ó ń jẹ́ kí wọ́n jẹrà, ó ń tú wọn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó ní kí wọ́n fi ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọ̀dùnkún gba ipò òwú ní ọdún kan sí èkejì.

Ìdí rẹ̀ kì í ṣe awo. Bí ẹ bá fa ẹ̀wà tu, ẹ ó rí kókó wínníwínní lára gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí ni ó ń gbé inú kókó yẹn, àwọn ni wọ́n ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún ọ̀gbìn. Náítírójìn yìí kan náà ni ẹ ń ra nínú yùríà. Òwú ń jẹ ẹ́ tán nínú ilẹ̀, ẹ̀wà ń dá a padà, pàápàá bí ẹ bá tú pòròpórò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀wà tí Carver kọ ìwé ìléwọ́ lé lórí ní 1903, ẹ̀wà tiwa ni. Ìhà ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, inú ọkọ̀ ẹrú ni ó bá dé Amẹ́ríkà. Ẹ̀pà ní tirẹ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀, ó yà sọ́dọ̀ wa kí ọkọ̀ ẹrú tó gbé e kọjá lọ sí àríwá.

Àwọn kan máa ń sọ pé Carver ni ó kọ́kọ́ ṣe bọ́tà ẹ̀pà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ṣe ju ìyẹn lọ lójú tèmi. Ní 1916 ó tẹ ìwé ìléwọ́ kan jáde tí ó kọ́ àgbẹ̀ bí a ṣe ń gbin ẹ̀pà, ó sì kọ ọ̀nà 105 tí a lè gbà sè é jẹ sínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí o bá ní kí àgbẹ̀ gbin nǹkan tuntun, tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń sè é, ọdún kan ni yóò gbìn ín. Ẹ ó rántí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ sóyà rí ní ilẹ̀ wa, kò gbilẹ̀ títí àwọn obìnrin fi mọ bí a ṣe ń fi ṣe wàrà àti dáwádáwá.

Ìwé ìléwọ́ dára fún ẹni tí ó bá lè kà á. Fún ẹni tí kò lè kà, ọ̀nà mìíràn ni. Ní 1906 Tuskegee kan kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí ìbaaka ń fà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Jesup, orúkọ Morris Jesup, olówó New York tí ó fi owó sílẹ̀ fún un. Wọ́n kó irin ìtúlẹ̀, irúgbìn àti ẹ̀rọ ìpo bọ́tà sínú rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá ọdún náà, iléeṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ gba Thomas Monroe Campbell, akẹ́kọ̀ọ́jáde Tuskegee, sí iṣẹ́ láti máa gbé kẹ̀kẹ́ náà kiri. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà fún irú iṣẹ́ tí àwa ń ṣe yìí. Ọdún mẹ́jọ gbáko lẹ́yìn náà, ní 1914, ni òfin Smith-Lever tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ìjọba káàkiri gbogbo Amẹ́ríkà.

Bí Campbell ṣe ń ṣe é nìyí. Yóò yan oko àgbẹ̀ kan, yóò pe àwọn aládùúgbò jọ, yóò bọ́ kóòtù, yóò di irin ìtúlẹ̀ mú fúnra rẹ̀. Lórí ilẹ̀ àgbẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ìbaaka àgbẹ̀ yẹn, ni yóò ti fi hàn wọ́n. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ilẹ̀ ìjọba ni ó jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní 1918 kẹ̀kẹ́ ìbaaka di mọ́tò. Ní 1923 wọ́n ra mọ́tò ńlá mìíràn, owó tí àwọn àgbẹ̀ dúdú fúnra wọn dá wà nínú rẹ̀. Nígbà yìí olùkọ́ obìnrin fún iṣẹ́ ilé àti nọ́ọ̀sì ti bá òṣìṣẹ́ oko wọ inú ọkọ̀ náà. Ní ìparí Ogun Àgbáyé Kejì, Campbell wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára ibi tí ó dé, láti wo bí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹ̀kọ́ ìgbèríko ṣe rí.

Kì í ṣe òun ni ẹni Tuskegee àkọ́kọ́ tí ó wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa, àwọn tí ó ṣáájú kò sì ṣe orí ire tó o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1901 ni James Calloway àti àwọn mẹ́ta mìíràn gúnlẹ̀ sí Togo, nígbà tí ibẹ̀ wà lábẹ́ Jámánì, láti kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní oko òwú bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Alabama. Wọ́n kó irin ìtúlẹ̀ dání. Eṣinṣin tí ń fa àrùn sunrunsunrun pa àwọn ẹran tí ì bá fà á, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe bọ́ sí ipò ẹran. Ní 1902 méjì nínú àwọn tí ó tún ń bọ̀ kú sínú ìgbì òkun ní Lomé. John Robinson, ẹni tí ó pẹ́ jù níbẹ̀, kú sómi ní 1909. Àwọn àgbẹ̀ Togo ti ń gbin òwú tiwọn láàárín àgbàdo àti iṣu tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Òwú nìkan ní oko, fún tità nìkan, ni Jámánì fẹ́, wọ́n sì fi túláàsì mú àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òwú ní Notsé. Ó yà mí lẹ́nu pé Tuskegee tí ń kọ́ àgbẹ̀ Macon pé kí wọ́n má fi òwú nìkan gbẹ́kẹ̀ lé ayé, òun náà ni ó ran Jámánì lọ́wọ́ láti fi òwú nìkan há àgbẹ̀ Togo mọ́.

Ní 1910 kòkòrò onímú gígùn tí ń jẹ èso òwú wọ Alabama láti ìwọ̀ oòrùn. Kò pẹ́ tí ó fi gba gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tí ó ti ní ẹ̀pà, ẹ̀wà àti ẹlẹ́dẹ̀ nílé rí nǹkan jẹ. Àwọn tí òwú nìkan wà lọ́wọ́ wọn di ẹrù, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí àwọn ìlú àríwá.

Mo ní láti sọ apá tí ó burú jù wàyí. Ní 1932 iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà wá sí Macon. Wọ́n kó nǹkan bí 600 ọkùnrin dúdú jọ, àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn 399 ní àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní sífílíìsì, àwọn 201 kò ní in. Wọn kò sọ orúkọ àrùn náà fún wọn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ni kò dára, àwọn yóò tọ́jú wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni láti wo bí àrùn náà yóò ṣe jẹ ènìyàn títí dé ikú. Wọ́n ń fún wọn ní oúnjẹ lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n sì ṣèlérí owó ìsìnkú bí ẹbí bá gbà kí wọ́n la òkú wò. Nígbà tí pẹnisílíìnì di oògùn tí gbogbo dókítà fi ń wo àrùn náà, ní nǹkan bí 1947, wọn kò fún wọn. Ogójì ọdún ni ó gbà, títí ìwé ìròyìn fi tú àṣírí rẹ̀ ní 1972. Ìjọba san $10 mílíọ̀nù ní 1974 láti parí ẹjọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 1997 ni Ààrẹ Clinton tọrọ àforíjì; ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ṣẹ́kù láyé nínú àwọn ọkùnrin náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa òṣìṣẹ́ ágíríìkì nìyí. Nọ́ọ̀sì tí ó ń kó wọn wá sí àyẹ̀wò, Eunice Rivers, inú mọ́tò ẹ̀kọ́ Tuskegee ni ó ti ṣiṣẹ́ láti 1923. Àwọn àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó mọ ìyàwó àti ọmọ wọn, ó ti jókòó nílé wọn. Ìfọkàntán tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá kọ́ láti abúlé dé abúlé ni wọ́n fi tan àwọn ọkùnrin wọ̀nyí jẹ. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà ṣì ń dárúkọ Tuskegee bí dókítà bá gbé abẹ́rẹ́ dé, wọn kò sì jẹ̀bi.

Washington ti ń sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ títí tí ó fi kú ní 1915 pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá iṣẹ́ àti ilẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìbò sílẹ̀ ná. Ní 1957 wọ́n rí i pé ilẹ̀ àti ìwé kò tó. Nígbà tí àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ìjọba Alabama tún ààlà ìlú Tuskegee fà. Ìlú tí ó ní igun mẹ́rin di onígun 28, nǹkan bí 400 olùdìbò dúdú bọ́ sí ẹ̀yìn odi. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ló kù. Kò sí òyìnbó kankan tí ó bọ́ sóde. Àwọn ará ìlú kọ̀ láti ra ọjà ní sọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó, Charles Gomillion, olùkọ́ ní Tuskegee, sì gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ó jàre ní 1960. Ní 1966 wọ́n dìbò yan Lucius Amerson ní ṣẹ́rífù, ìyẹn olórí àwọn ọlọ́pàá kańtì, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà ní gúúsù Amẹ́ríkà láti ọ̀rúndún tí ó ṣáájú.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ní 1920 àwọn àgbẹ̀ dúdú ní gbogbo Amẹ́ríkà tó nǹkan bí 925,000. Ní 2017 wọn kò pé 50,000. Ìjọba kò yá wọn lówó bí ó ṣe ń yá òyìnbó, ẹjọ́ tí wọ́n pè lórí rẹ̀ parí sí àdéhùn owó ìtanràn ní 1999. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí ẹ̀yin yóò tètè mọ̀. Bàbá ra ilẹ̀, ó kú láìṣe ìwé ìhágún, ilẹ̀ di ti gbogbo ọmọ, lẹ́yìn náà ti gbogbo ọmọ-ọmọ. Nínú òfin wọn, ẹnì kan tí ó wà ní ìlú òkèèrè lè ta ìpín tirẹ̀ fún àjèjì. Àjèjì yẹn yóò lọ sí kóòtù pé kí wọ́n ta gbogbo ilẹ̀ kí wọ́n pín owó, òun náà ni yóò sì rà á ní ẹ̀dínwó. Ní 2014 ni Alabama ṣe òfin pé kí wọ́n kọ́kọ́ díye lé ilẹ̀ bí ọjà ṣe ń lọ, kí wọ́n sì fún àwọn ẹbí láàyè láti ra ìpín ẹni tí ó fẹ́ tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí, ẹ bi ara yín bóyá orúkọ gbogbo ajogún àti ààlà ilẹ̀ wà nínú ìwé kan níbì kankan.

Ní 1900 ènìyàn 23,126 ni ó wà ní Macon. Ní 2020 wọ́n jẹ́ 19,532. Ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee di yunifásítì ní 1985, ó sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìtọ́jú ẹran títí di òní. Lẹ́bàá rẹ̀ ni igbó ọba Tuskegee wà, nǹkan bí 11,000 éékà, èyí tí ó kéré jù lọ nínú àwọn igbó ọba ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Oko òwú tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá ni tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni ìjọba rà á lọ́wọ́ àwọn olóko, wọ́n sì gbin igi sí i kí ọ̀gbàrá má baà gbé èyí tí ó kù lọ.